Ìdí Ìkòkò

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi kì í tètè sùn ní Ṣómólú,
nítorí náà àwa náà kì í tètè sùn.
Gìrì-gọ̀, gìrì-gọ̀, nísàlẹ̀ yàrá wa.
Lókè, ìyá mi á gbé ìkòkò kaná,
á da òróró sí i, á kọ́kọ́ ju àgbàdo mẹ́ta péré sínú rẹ̀:
"Ẹ jẹ́ ká rán amí lọ wo ọ̀nà."
Bí amí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bú, á da ìyókù sí i,
á dé e, á fi ọmọ odó tẹ ìdérí mọ́lẹ̀.

A kì í lo àwo. Bébà tí ẹ̀rọ bàjẹ́ ni àwo wa.
Lọ́dún kan, ó jẹ́ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ
tí oṣù kẹfà rẹ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bàbá mi fi ń mi orí:
"Ọjọ́ kan ṣoṣo! Owó mi wọgbó!"
Àwa ká ọjọ́ tó lé náà bí àrọ,
a bu gúgúrú kún un.

Nígbà òjò, àgbàdo á fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á ya ọ̀lẹ.
Ìyá mi á sá a sórí páànù.
Ojú ọ̀run ṣú, Mosúnmọ́lá sáré lọ kó o.
Oòrùn yọ, ó tún lọ sá a.
Ìrìn tó rìn lórí àtẹ̀gùn yẹn ì bá gbé e dé Ìkòròdú.
Ní ìrọ̀lẹ́, àgbàrá á gbé bàtà aládùúgbò kọjá,
a ó jókòó sójú fèrèsé, gúgúrú àti àgbọn lẹ́nu,
a ó máa ka bàtà:
ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì.

Bí ọyẹ́ bá dé, ètè wa á ti là kí àgbàdo tó là.
Ti ọyẹ́ kì í ní ṣúgà.
Atalẹ̀ gígún ni, àti ata díẹ̀, àti ẹ̀pà tí a fi yanrìn yan,
nítorí àyà Káṣìmáawò.
Ẹ kúkú mọ ìdí orúkọ bẹ́ẹ̀.
Méjì ti wá ṣáájú rẹ̀, wọn ò jókòó pẹ́;
àwọn àgbà ní ká má sọ ọ́ ní orúkọ tó dùn jù,
kó má lọ rò pé a ti gbára lé òun.
Lóru, ikọ́ rẹ̀ àti ẹ̀rọ bàbá mi á jọ máa lọ:
gìrì-gọ̀, húhù, gìrì-gọ̀, húhù.
Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ìyá mi á dìde jókòó.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan wà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ẹ̀rọ dákẹ́. Owó náà dákẹ́.
Ìyá mi fọ́ kúlíkúlí kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́,
ó bù ú wọ́n gúgúrú, ó ní oúnjẹ ọlọ́lá nìyí.
Bàbá mi bá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń jẹ.
Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ìka rẹ̀ láìsí tàdáwà,
ó funfun, ó ń tijú.

Ìdí ìkòkò ni ìpín Káṣìmáawò,
àwọn tó kọ̀ tí wọn ò bú, tó le bí òkúta.
Bàbá mi ní kó dà wọ́n nù, eyín á kán.
Ìyá mi ní kó dá wọn padà sórí iná.

Wọ́n ti ta ẹ̀rọ náà. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí.
Bàbá mi ti lọ. Etí ìyá mi ti wúwo,
ọwọ́ ìkòkò ló ń dì mú láti mọ̀ pé ó ń bú.
Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi apárí gbé àgbàdo wá nínú ọ̀rá,
ó ju mẹ́ta sí i kọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó rán an létí.
"Ó ku ẹyọ kan," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó tẹjú mọ́ ìdí ìkòkò.
"Ìyá àgbà, ṣé ká dà á nù?"
Ìyá mi ò gbọ́ ọ dáadáa.
Ó wo yíká ilé ìdáná,
ó pe orúkọ bàbá ọmọ náà
bí ẹni ń dáhùn ìbéèrè.